A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Mo fẹ́ bi ẹ̀yin òǹkàwé ní ìbéèrè kan, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá mi lóhùn títí ẹ ó fi ka ọ̀rọ̀ mi dópin. Bí ènìyàn bá ṣe oore fún ẹlòmíràn, tó náwó sí i, tó nára sí i, ṣùgbọ́n tí kò bi ẹni tó ń ṣe é fún léèrè bó ṣe fẹ́ ẹ, ṣé oore náà ni a ó máa pè é, àbí ó ní orúkọ mìíràn?

Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ló gbé ìbéèrè yìí kò mí lójú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Kí ló kan kọ́bọ́ọ̀dù nínú ọ̀rọ̀ ìwà?" Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù, káfíńtà ni yóò wá lọ; yóò yan pákó, yóò yan ọ̀dà, yóò sanwó, ọ̀rọ̀ á sì parí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ìlódè, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ni ilé bàbá wa wà. Ẹni tó bá mọ Ifẹ̀ mọ̀ pé Ìlódè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, òun àti Ìrẹmọ, Mòòrè, Òkèrèwè àti Ìlárè. Ilé wa kì í ṣe ilé olówó. Ilé alámọ̀ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí páànù orí rẹ̀ sì ti pọ́n. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná wà, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn baba wa: ààrò mẹ́ta, àpótí ìjókòó, odó iyán, ọlọ àti ọmọ ọlọ, pẹpẹ alámọ̀ kan lára ògiri tí wọ́n ń to ìkòkò àti àwo sí, àti àjà kan lókè iná, níbi tí wọ́n ń so àgbàdo tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ mọ́. Èéfín ń ru lu àgbàdo náà lójoojúmọ́, kòkòrò kì í sì í fẹ́ sún mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó fi ìwé kọ́ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀.

Ní ọdún 2016, èmi àti àwọn àbúrò mi méjì dáwó jọ. A ní ó tó gẹ́ẹ́ kí ìyá wa máa fẹ́ná lẹ́yìnkùlé nínú òjò àti nínú ọyẹ́. Wọ́n ti lé ní ọdún 70 nígbà náà. A sọ yàrá kan nínú ilé di ilé ìdáná, a fa omi wọ̀ ọ́, a ra síńkì, a ra sítóòfù onígáàsì. Ó wá ku kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi ni àgbà, èmi ni wọ́n fi yíyàn rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo rí àwòrán ilé ìdáná kan lára kàlẹ́ńdà: kọ́bọ́ọ̀dù funfun báláú, ọ̀wọ́ kan nílẹ̀, ọ̀wọ́ kan lókè, tó ga dé àjà. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń dán bí dígí, kò sí ìdìmú kankan lára rẹ̀. Bí a bá ti fi ìka tì í, á ṣí. Mo gé àwòrán náà, mo mú un tọ káfíńtà kan lọ. Ó wá sí Ìlódè lẹ́ẹ̀kan, ó wọn yàrá, ó lọ kàn án, ó sì fi ọkọ̀ kó o wá. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó wọn gígùn ògiri, ó wọn ìbú rẹ̀, ó wọn fèrèsé. Ìyá wa ni ẹnikẹ́ni ò wọ̀n.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n ní, "Ó mà dára o, Àkànní. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ." Àwọn aládùúgbò wọlé wá wò ó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní ìyá wa ti jèrè ọmọ. Orí mi wú. Fún ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìgbàkígbà tí mo bá wálé, mo máa ń bá kọ́bọ́ọ̀dù mi tó kún, tó mọ́ tónítóní: ìrẹsì, gàrí àti ẹ̀wà lókè, ìkòkò nísàlẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ kan bá bá mi wá, mo máa ń wá nǹkan kan ṣe ní ilé ìdáná kí ó lè rí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan ní ọdún 2018, ìsìnkú gbé mi lọ sí Oǹdó. Ọ̀nà Ifẹ̀ ni mo gbà. Mo ní kí n yà kí Màmá, n kò sì fóònù. Nígbà tí mo wọlé, n kò bá ẹnikẹ́ni ní pálọ̀. Mo wọ ilé ìdáná, n kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ náà. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀: òfìfo. Mo ṣí tòkè: àwo tánganran tí a fi ń gbàlejò nìkan ló wà níbẹ̀, bébà ṣì wà lára wọn. Èéfín ló júwe ọ̀nà fún mi. Lẹ́yìnkùlé ni mo ti bá ìyá wa lórí àpótí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, gbogbo ẹrù wọn sì wà lórí pẹpẹ alámọ̀: kẹ́ẹ̀gì epo, agolo gàrí, ìgò iyọ̀, ìṣasùn ọbẹ̀. Báńdéèjì wà lọ́rùn ọwọ́ wọn òsì.

Nígbà tí wọ́n rí mi, ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹ gbọ́ o: ìyá tó bí mi lọ́mọ rí mi, ẹ̀rù sì bà wọ́n, bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.

Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló tú àṣírí. Ó ní, "Dádì Ìbàdàn, ẹ ò fóònù pé ẹ ń bọ̀. Bí ẹ bá fóònù, a máa ń kó ẹrù wọnú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti lọ, a máa ń kó o padà." Báńdéèjì ń kọ́? Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo ti fóònù pé mò ń bọ̀ wá ṣe ọdún Ọlọ́jọ́, iṣẹ́ sì dí mi lọ́wọ́, n kò lè wá mọ́. Àṣé nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ dè mí, wọ́n gun àpótí kí wọ́n lè gbé agolo ìrẹsì sí kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Àpótí yẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbalẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún mi.

Mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé kò bá yín lára mu?"

Wọ́n ní, "Kí n sọ pé kí ni? O náwó. Ṣé kí n wá sọ pé owó rẹ ò dára ni?"

Mo lọ sí Oǹdó, mo ṣe ohun tí mo bá lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Mo rò pé kọ́bọ́ọ̀dù ni mo fún ìyá mi. Àṣé iṣẹ́ ni mo fún wọn, iṣẹ́ pípa irọ́ fún mi lọ́dọọdún, èmi náà sì ń gba irọ́ ọ̀hún bí ìdúpẹ́. Àwọn àgbà wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo sì rò pé ẹni tó ń ṣe ibi ni wọ́n ń fi bá wí, ẹni tó ń pín ogún olóògbé láì pe àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí ẹni tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe oore náà lè mú abẹ kó wá orí olórí lọ. Ẹ wò ó dáadáa: òwe náà ò sọ pé abẹ kò mú tàbí pé onígbàjámọ̀ kò mọṣẹ́. Orí ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ kọ́bọ́ọ̀dù náà wò fínnífínní, ká lè rí i pé gbogbo àbùkù ara rẹ̀, ìbéèrè kan tí n kò béèrè ló bí i. Ó ga jù, nítorí pé n kò béèrè ibi tí ọwọ́ Màmá ń dé. Kò ní ìdìmú, ẹni tó bá sì ń po ẹ̀bà tàbí tó ń fi epo ṣe ọbẹ̀ kò ní ìka tó mọ́ tí yóò fi ti ìlẹ̀kùn funfun. Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ jìn wọnú, ó ṣókùnkùn. Kí wọ́n tó lè rí ìkòkò tó wà lẹ́yìn, wọ́n ní láti kúnlẹ̀, eékún wọn kò sì gba ìkúnlẹ̀ mọ́. Gíga pẹpẹ ìgé-nǹkan jẹ́ íǹṣì 36, nítorí pé iye tí wọ́n fi ń ṣe é ní Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró nìyẹn; ìyá wa sì rèé, láti ìgbà ọmọge wọn ni wọ́n ti ń jókòó se oúnjẹ. Pákó tí wọ́n fi kàn án, èyí tí wọ́n fi lẹbulẹbu igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, kò fẹ́ràn omi. Omi síńkì kán sí i, ó wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. A gbé sílíńdà gáàsì sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ìlẹ̀kùn, tí kò ní ihò atẹ́gùn kankan. Gáàsì ìdáná sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Màmá bẹ̀rù sílíńdà yẹn. A fi wọ́n ṣẹlẹ́yà nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọn ló jẹ̀bi ni, àbí ọgbọ́n wa?

Ẹ má sì rò pé àìmọ̀wé ló ń fa irú àṣìṣe yìí. Bí a bá ń sọ ìtàn kọ́bọ́ọ̀dù alásomọ́giri tó ti gba gbogbo ayé kan báyìí, ìlú Frankfurt ní Jámánì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń tọ́ka sí. Ní ọdún 1926, obìnrin ayàwòrán-ilé kan, ọmọ ilẹ̀ Austria, Margarete Schütte-Lihotzky, ya ilé ìdáná kan fún àwọn ilé tí ìlú náà ń kọ́ fún àwọn ará ìlú. Yàrá tóóró ni. Ìbú rẹ̀ kò tó mítà 2, gígùn rẹ̀ kò sì pé mítà 3 àti ààbọ̀. Wọ́n ka ìṣísẹ̀ láti ìdí iná dé ìdí omi, wọ́n fi aago wọn àkókò iṣẹ́, obìnrin náà sì wo àwòṣe ilé ìdáná kékeré inú ọkọ̀ ojú irin. Ó tò ó tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo á tó ohun gbogbo. Ó ṣe àpótí kéékèèké fún ìrẹsì àti ṣúgà; igi oak ló sì ní kí wọ́n fi ṣe ti ìyẹ̀fun, kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́. Wọ́n kan irú ilé ìdáná yìí tó bíi 10,000.

Ọlọ́gbọ́n ni obìnrin náà, ó sì tún jẹ́ akíkanjú. Nítorí pé ó bá àwọn tó ń tako ìjọba Hitler ṣe, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 1941, kò sì jáde títí di 1945. Ìrọ̀rùn àwọn obìnrin ló ń wá. Síbẹ̀, àwọn tó lo ilé ìdáná náà ráhùn: ó há, ẹni méjì ò lè ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn àpótí kéékèèké yẹn sì wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé ti ń tó wọn. Nígbà tó di arúgbó, obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí òun tó ya ilé ìdáná yẹn, òun kò tíì se oúnjẹ rí. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí pé ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó wọn ìṣísẹ̀, tó wọn àkókò, bá ṣì lè gbàgbé nǹkan kan, kí ni ká wá sọ nípa èmi tí mo gé àwòrán lára kàlẹ́ńdà?

Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí mo ní láti jẹ́wọ́, òun ló sì dùn mí jù. Kí ló dé tó jẹ́ pé kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn ló wù mí? Mo sọ fún ara mi pé nítorí ìmọ́tótó ni, nítorí aáyán àti eku. Irọ́ ni. Nígbà tí à ń dàgbà, kọ́bọ́ọ̀dù onínẹ́ẹ̀tì wà nínú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, nẹ́ẹ̀tì wáyà ni wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀, atẹ́gùn ń wọ̀ ọ́, eṣinṣin ò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n á ti ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo omi, kí èèrà má bàa gùn ún. Bó bá ṣe ti ìmọ́tótó ni, ìyẹn ti tó. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìkòkò dúdú ìyá mi ń tì mí lójú. Mo fẹ́ ìlẹ̀kùn funfun tí yóò bò wọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bá wá. Ojú àlejò ni mo fi wọn kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ tí mo ti jáde wá ìbá ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rìn ní Ifẹ̀ mọ ilẹ̀ alápáàdì, àwọn àfọ́kù ìkòkò tí àwọn baba wa tò ní ìnàró, ọ̀kan ti èkejì, tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìtàn Ifẹ̀ so ó mọ́ orúkọ Lúwoo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Nígbà tí Peter Garlake wú ilẹ̀ Ọbalárá ní 1971 àti 1972, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bá níbẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò ni wọ́n tẹ́ sí ojúde, tí ọba àti àlejò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ojú àfọ́kù ìkòkò kò tì ni mo jẹ́ ọmọ wọn, èmi wá ń fi pákó funfun bo odidi ìkòkò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa bínú sí mi báyìí, pé, "Ṣé o wá ń sọ pé kí àwọn ìyá wa máa gbé inú èéfín lọ ni? Bí a bá ní ká máa bi àgbàlagbà léèrè kí a tó ṣe nǹkan fún un, ṣebí 'má ṣèyọnu' ni yóò máa wí?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n kò sì gbọdọ̀ fò ó. Èéfín kì í ṣe ohun àmúṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé pa tó mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé. Àgbàdo orí àjà lè jàǹfààní èéfín, ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn ò lè jẹ ẹ́. Lórí èyí, ìyá mi kò mọ̀ jù mí lọ, n kò sì ní tìtorí pé mo fẹ́ bọ̀wọ̀ fún wọn kí n wá parọ́ pé wọ́n mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì jẹ́ òtítọ́ pé ẹnu ìyá kì í sábà sọ ohun tí ìyá ń fẹ́. Nígbà tí mo padà wá láti Oǹdó, mo jókòó ti Màmá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irú kọ́bọ́ọ̀dù wo lẹ fẹ́?" Wọ́n ní, "Èyí tó bá wù ọ́ náà ni." Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdáhùn kan náà ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Àfìgbà tí mo dákẹ́ ìbéèrè, tí mo lo ọjọ́ méjì ní ẹ̀yìnkùlé, tí mò ń bá wọn ṣa ẹ̀wà, tí mò ń bá wọn gé ilá, ni mo tó gbọ́ ìdáhùn. Ọwọ́ wọn ló dáhùn. Mo rí i pé láàárín wákàtí kan, ọwọ́ wọn lọ síbi iyọ̀, epo àti ata lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò lọ síbi ìrẹsì rárá. Mo rí i pé ohun tí wọ́n bá ń lò lójoojúmọ́, kì í kọjá ibi tí apá wọn dé lórí ìjókòó. Mo rí i pé ìkòkò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú ti lè rí i, nítorí pé ìríran wọn ti dínkù, wọ́n sì máa ń fi ìrísí dá nǹkan mọ̀ kí wọ́n tó nawọ́ sí i. Odó gbọ́dọ̀ jókòó sórí ilẹ̀, kò sí pẹpẹ kankan tó lè gba iyán gígún. Bíbéèrè, nígbà náà, kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ẹni tó bá béèrè lẹ́ẹ̀kan, tó gbọ́ "èyí tó bá wù ọ́", tó wá sáré lọ ṣe ohun tó wù ú, kò tíì béèrè.

Ní ọdún 2019, a tún un ṣe. Káfíńtà Ìlódè ni mo pè lọ́tẹ̀ yìí, bàbá kan tó ti ń kan àga àti bẹ́ǹṣì fún àdúgbò wa láti ọjọ́ pípẹ́. Kò tilẹ̀ wo ògiri nígbà tó wọlé. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbi tí ẹ fẹ́ máa jókòó. Ẹ nawọ́." Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí ibi tí ìka wọn dé lápá ọ̀tún, ó fà á lápá òsì. Ó ní kí wọ́n dìde, ó wo ìgúnpá wọn, ó tún fa ilà mìíràn níwọ̀n íǹṣì mẹ́rin sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá fẹ́ gé nǹkan lórí ìdúró láì jẹ́ kí èjìká ro ó, ibẹ̀ ló yẹ kí pẹpẹ mọ. Láàárín ìṣẹ́jú 10, ó ti mọ ohun tí n kò mọ̀ láti ọdún 2016.

Ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, igi ìrókò ló fi ṣe é, nítorí pé ikán kì í tètè rí ìrókò jẹ. Mo fẹ́ kó fi arère ṣe gbogbo rẹ̀ nítorí owó. Ó ní arère fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, kí n má fi owó díẹ̀ ra ẹkún. Pẹpẹ kan kúrú fún ìjókòó, ọ̀kan ga fún ìdúró. Ìkòkò wà lórí pákó gbalasa tí kò ní ìlẹ̀kùn. Ibi oúnjẹ ní ìlẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì. Àpótí tí à ń fà jáde, tí àwọn káfíńtà ń pè ní dúrọ́ọ̀, dípò kọ́bọ́ọ̀dù jíjìn, kí ẹrù lè máa wá bá wọn dípò kí wọ́n máa wọlé lọ bá ẹrù. Ìdìmú rẹ̀ tóbi, odidi ọwọ́ á gbà á. Àyè odó ṣófo lórí ilẹ̀. Sílíńdà gáàsì wà níta lẹ́yìn ògiri, lábẹ́ ìbòrí, páìpù ló ń gbé e wọlé. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Lórí èéfín, a jà díẹ̀. Mo ní n kò fẹ́ iná igi mọ́ rárá. Màmá ní ìkòkò ńlá ti ọjọ́ ọdún ń kọ́? A wá gbà báyìí: oúnjẹ ojoojúmọ́, gáàsì, ìkòkò ńlá, ààrò, ṣùgbọ́n ní gbangba níta tí èéfín á ti rí ọ̀nà lọ, kì í ṣe nínú yàrá tí a pa dé. Nígbà tí sílíńdà ti kúrò nínú ilé, wọn ò bẹ̀rù gáàsì mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ààlà tí mò ń wá. Bí ohun kan bá ń pa ara wọn lára, ọmọ lè tẹnu mọ́ ọn, kó bẹ̀bẹ̀, kó jiyàn, kó tún padà wá jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú wa nìkan ni ohun náà ń dùn, ẹni tó ni ọwọ́ ló ni àṣẹ.

Mo ti wá ń rí kọ́bọ́ọ̀dù funfun yẹn níbi púpọ̀. Mo ń rí i níbi tí ìjọba ti kọ́ ìsọ̀ sí ibi tó wù wọ́n, tí àwọn ọlọ́jà sì padà sójú títì tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Àwa á wá máa sọ pé àwọn obìnrin náà ò lajú. Mo ń rí i lára bàbá tó yan iṣẹ́ fún ọmọ. Mo ń rí i lọ́wọ́ àwa tó ń ránṣẹ́ wálé láti Èkó, láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Amẹ́ríkà, tí a ń fi àwòrán kọ́lé fún ẹni tí a kò jókòó tì fún ọjọ́ méjì. Ìdúpẹ́ tí a ń gbọ́ lórí fóònù, ẹ jẹ́ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò. Aláìní kì í sábà lè kọ ẹ̀bùn. Òtítọ́ rẹ̀ lè ná an ní ẹ̀bùn tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń fúnni ni ẹrù ìbéèrè wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀wọ́ òkè kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ náà ṣì dára, omi ò dé ibẹ̀. Mo ní kò yẹ kó ṣòfò. Mo tú u, mo gbé e wá sí Ìbàdàn, mo ní á bá ilé ìdáná wa mu. Mo ti pe ẹni tí yóò bá mi gbé e kọ́. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo èmi.

Ó ní, "Bàbá Wálé, ta lẹ bi?"

Ó ṣì wà ní gáréèjì dòní, ó kọjú sí ògiri. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ lè wá dá mi lóhùn báyìí.